Ọjọ́ ìbí ọmọ nínú ọyẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Méjì, Kubwa
Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará Abuja. Ọmọ mi obìnrin máa pé ọdún 5 ní Sátidé kejì oṣù kìn-ín-ní. Òkun ló yàn pé kí á fi ṣe ọjọ́ ìbí òun: ẹja, ìkarahun, gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú swimming pool oníke tí wọ́n ń fẹ́, láàárín ọgbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọdún 8, kìlò 22, SS ni, ìyẹn sickle cell. Túsìdeè yìí ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù lẹ́yìn ìrora egungun. Ọmọ 25 ni à ń retí, àgbà 15. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, kí ni kí n yí padà, kí ni kí n fi sílẹ̀? Mi ò fẹ́ sún un. A sún tèṣí náà.

Bàbá Ìbejì, Lugbe
Ẹ sún un. Fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ayẹyẹ dán wò.

Ẹ̀gbọ́n Karu
Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yẹn. Ọmọ ọdún 8 ti ń kàwé. Ọjọ́ tó bá bi ìyá rẹ̀ léèrè ìtumọ̀ “fòní kú, fọ̀la dìde”, kí ni kí ìyá ẹ̀ sọ?

Bàbá Ìbejì, Lugbe
Orúkọ tí àwọn bàbá wa pè é nìyẹn, mi ò fi bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n Karu
Mo mọ̀ pé ẹ ò fi bú ni, sà. Àmọ́ ìgbà tí kò sí oògùn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Àwọn tó jẹ́ SS ń dàgbà, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń bímọ. SS ni kí á máa pè é.

Ti sísún: ọmọ tí wọ́n bá ń wọ́gi lé ọjọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà á sì máa rò pé òun lòun ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ tún ọjọ́ náà ṣe, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọmọ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Dókítà ni yóò sọ ti sísún. Ẹ gbé e padà fún àyẹ̀wò kó tó di ọjọ́ náà, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́ta: iye tí PCV rẹ̀ (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara) jẹ́ báyìí, iye tó máa ń jẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá dá, àti bóyá ó lè jókòó sáàárín èrò. PCV SS kì í tó ti ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ iye tirẹ̀ gan-an, kí ẹ má kàn gbọ́ pé “ó kéré”.

Swimming pool yẹn ni kó kọ́kọ́ lọ. Bí omi bá kan ara, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì fẹ́ lù ú, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, àwọn ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé á há síbẹ̀, ìrora á dé. Bí òun fúnra rẹ̀ ò bá tilẹ̀ wọ inú omi, àwọn tó wà nínú ẹ̀ á ta á sí i lára. Aago 12 sí aago 3 ọ̀sán ni kí ẹ fi ayẹyẹ sí. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni otútù ọyẹ́ máa ń mú jù.

Omi mímu: ẹni kìlò 22 tó jẹ́ SS, kí ẹ fojú sun lítà 2 lójúmọ́, ìyẹn ọ̀rá omi 50 cl mẹ́rin, àfi tí dókítà bá ní kí ó dín. Ọyẹ́ ń fa omi lára láìjẹ́ pé èèyàn làágùn, ọmọ náà ò sì ní sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹ fún un ní ìgò 50 cl tirẹ̀ tí a kọ orúkọ sí. Kó mu ọ̀kan tán kí ó tó di aago 9, ìkejì kí àlejò tó dé, ìkẹta láàárín ayẹyẹ, ìkẹrin kó tó sùn. Kí ẹnì kan, tí kì í ṣe ìyá rẹ̀, máa wo ìgò yẹn. Ìyá á ti máa sáré kiri.

Ọ̀rẹ́ Wuse
Tí ilé bá há, Jabi Lake ńkọ́? Tàbí kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo ẹranko ní Jos.

Ará Jos
Ẹ má kó SS wá sí Jos lóṣù kìn-ín-ní, ẹ dákun. Ìlú wa ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, afẹ́fẹ́ ò pọ̀ lókè bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Ará Jos, gíga yẹn ò tíì dé ibi tí à ń bẹ̀rù gan-an. Otútù Jos ni kí ẹ fi dá wọn dúró, ìyẹn tó. Etí adágún Jabi ńkọ́? Afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ níbẹ̀. Inú ọgbà yín ló dára jù: yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà níbẹ̀.

Alọ́ṣọ̀ọ́ Utako
Òkun láìsí omi rọrùn. Àdìrẹ ẹlẹ́lùú ni kí ẹ fi ṣe ògiri ẹ̀yìn tábìlì. Ògiri mítà 3 ní fífẹ̀, mítà 2.4 ní gíga: aṣọ máa ń fẹ̀ tó mítà kan lé díẹ̀, nítorí náà ìlà mẹ́ta ni, yáàdì 8 tó, yáàdì 10 bí ẹ bá fẹ́ kó ṣẹ́ po bí ìgbì omi. Lẹ́yìn ayẹyẹ ẹ fi rán aṣọ.

Bàlúùnù: fún ẹ̀wọ̀n gígùn mítà 3, ẹ ra 120, oríṣi mẹ́ta (íǹṣì 5, 10 àti 12), kí 15 lé sí i fún èyí tó máa bẹ́. Ẹ má fẹ́ oníńṣì 10 kún, ẹ dá a dúró ní 8 sí 9. Nínú ọyẹ́ rọ́bà rẹ̀ máa ń gbẹ, oòrùn ọ̀sán á tún mú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ wú, àwọ̀ dúdú àti búlúù tó ṣú ló sì ń kọ́kọ́ bẹ́. Ẹ gbé e kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá gbé e kọ́ lálẹ́ Fúráìdeè, eruku á ti bò ó, kò ní dán mọ́.

Àwọn tó ń ta bàlúùnù tó ń fò lókè: ẹ bi wọ́n irú gáàsì tó wà nínú ẹ̀. Helium kì í gbaná. Hydrogen a máa gbaná, ẹ̀yin sì fẹ́ tan àbẹ́là 5 lórí kéèkì. Bí ẹni tó ń tà á ò bá lè dáhùn, ẹ má rà á.

Ìyá Àjọkẹ́
Ẹ ṣa gbogbo èyí tó bá bẹ́ nílẹ̀ kíá. Awẹ́ bàlúùnù máa ń há ọmọ kékeré lọ́fun, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n lè ké.

Alọ́ṣọ̀ọ́ Utako
Òótọ́ ni. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, ẹ má fún un ní bàlúùnù fẹ́ fúnra rẹ̀.

Mo gbàgbé: eré ẹja pípa. Ẹ gé ẹja páálí 30, ẹ fi kílíìpù ìwé há wọn lẹ́nu, ẹ kó wọn sínú agbada ńlá gbígbẹ. Ẹ so okùn mọ́ ọ̀pá, kí mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà àtijọ́ wà lẹ́nu ẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ni o. Àwọn róbótó kéékèèké yẹn, bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn nínú ìfun, iṣẹ́ abẹ ló máa dà.

Dẹ̀jọ́ Gwarinpa
Bouncing castle ńkọ́? Ọmọ 25 láìsí bouncing castle, ìjà ni.

Bàbá Ìbejì, Lugbe
Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ máa ń mu iná tó 1.1 kW, jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn ò lè gbé e. Ó kéré tán 2.5 kVA. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ nígbà tí àwọn ọmọ wà lórí ẹ̀, á rọ̀ mọ́ wọn lára, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de Nẹ́pà. Kí jẹnẹrétọ̀ wà ní mítà 6 sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Èéfín yẹn burú fún gbogbo ẹ̀dọ̀fóró, áńbọ̀sìbọ́sí ti ọmọ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Karu
Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé. Ẹ wá mọ̀ ọ́n tó báyìí, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n sún un.

Bàbá Ìbejì, Lugbe
Ọkàn mi ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, kí wọ́n ṣe é dáadáa.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Fífò pẹ́ títí ò dára fún un, òun náà ò sì ní fẹ́ sọ̀kalẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà lókè. Bákan náà ni bojúbojú àti ẹkùn ń mẹ́ran, eré sísá ni gbogbo wọn.

Alọ́ṣọ̀ọ́ Utako
Ẹ fún un níṣẹ́ ni. Òkun la fi ń ṣe ọjọ́ ìbí, kí òun jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi: kóòtù nípọn, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Àga ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé. Òun ló ń pín tíkẹ́ẹ̀tì eré, òun ló ń ka ẹja tí oníkálukú pa, òun ló ń fún wọn lẹ́bùn. Ara rẹ̀ á móoru, á jókòó, kò sì sí ọmọ tó máa mọ̀ pé àìsàn ló gbé e jókòó.

Ìyá Àjọkẹ́
Èyí wọ̀ mí lára gan-an.

Ìyá Méjì, Kubwa
Mo ka ti ọ̀gá ọkọ̀ yẹn fún un báyìí. Ó ní fèrè ọkọ̀ dà.

Oníkéèkì Kado
Ẹ ra fèrè fún un jàre.

Kéèkì: oníńṣì 10 alájà méjì tó ọmọ 25. Tí ẹ bá fẹ́ fondant (súgà rírọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ bo kéèkì), ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀: ìṣẹ́jú díẹ̀ níta, ó ti gbẹ, ó ti sán bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara. Ẹ fi nylon bò ó bí ẹ bá ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ po ṣíbí kékeré kan glycerine mọ́ ìdajì kìlò, ẹ ti fèrèsé. Buttercream ò ní ìyọnu yìí, ẹ po àwọ̀ búlúù díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí fà á bí ìgbì.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Oníkéèkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹyin tútù ńkọ́?

Oníkéèkì Kado
Royal icing tí wọ́n fi funfun ẹyin tútù pò ni kí ẹ sá fún. Kí ẹni tó ń ṣe é lo meringue powder (ìyẹ̀fun funfun ẹyin). Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó san owó.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Ẹ ṣé. Ìdí ni pé Salmonella a máa wọ egungun àwọn tó jẹ́ SS, kì í dúró sí inú nìkan. Èyí kan salad onímayonnaise tó ti wà lórí tábìlì láti aago 11 náà. Ẹ má sè é rárá ni màá sọ.

Alásè Nyanya
Salad kúrò, ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù dé. Fún ọmọ 25 àti àgbà 15, mudu mẹ́ta tó.

Dẹ̀jọ́ Gwarinpa
Mẹ́ta kẹ̀? Kọ́ńgò márùn-ún ni kí wọ́n sè!

Alásè Nyanya
Ọmọ kan kì í jẹ ju gíráàmù 60 ìrẹsì gbígbẹ lọ, àgbà 120. Ìyẹn jẹ́ kìlò 1.5 pẹ̀lú kìlò 1.8, àpapọ̀ 3.3. Mudu kan tó nǹkan bíi kìlò kan àtààbọ̀, nítorí náà mẹ́ta á tilẹ̀ ṣẹ́kù.

Dẹ̀jọ́ Gwarinpa
Mudu ti ọjà ibo? Àwọn kan ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ inú.

Alásè Nyanya
Ìdí tí mo fi sọ kìlò nìyẹn. Ẹ gbé ìwọ̀n lọ sọ́jà. Ègé ẹran adìyẹ 45, ẹ máa kà á. Kí oúnjẹ gbóná títí wọ́n á fi bù ú, ẹ má dì í sínú páàkì láti àárọ̀.

Ará Jos
Ṣé ẹ máa sọ fún àwọn òbí yòókù?

Ẹ̀gbọ́n Karu
Kò sí ìdí. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni, tirẹ̀ ni láti sọ.

Ìyá Àjọkẹ́
Ẹ gbọ́dọ̀ sọ díẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ Fúráìdeè: “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó bá ń wúkọ́ tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná, kó dúró sílé, a ó fi páàkì rẹ̀ ránṣẹ́.” Ẹ ò dárúkọ SS, kò sí ẹni tó máa bínú, páàkì ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Ìyẹn gan-an ni.

Ti ọjọ́ náà: ẹ wọn ìgbóná ara rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Bí ó bá dé 38.5, ọsibítù ni, kì í ṣe oògùn kẹ́míìsì. Ẹ wọ̀n ọ́n KÍ Ẹ TÓ fún un ní parasitámọ̀, nítorí parasitámọ̀ á bo ibà mọ́lẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀. Bí ó bá ní òun ń gbọ́ ìrora, ìwọ̀n rẹ̀ ni mílígíráàmù 15 fún kìlò kan: kìlò 22 jẹ́ 330. Nínú oògùn olómi 120 mg nínú 5 ml, ó jẹ́ 13.75 ml. Ṣíríǹjì ni kí ẹ fi fà á, ẹ má fi ṣíbí ọbẹ̀ wọ̀n ọ́n. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láàárín, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Kò sí aspirin.

Ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bí wọ́n bá ń gé kéèkì lọ́wọ́, bí àyà bá ń dùn ún tàbí tó ń mí gúlegúle; bí ikùn apá òsì bá wú tí ojú rẹ̀ sì funfun; bí ẹnu bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí tí ọ̀rọ̀ bá lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Folic acid (oògùn ẹ̀jẹ̀) àti Paludrine (oògùn tó ń dènà ibà malaria) rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ní ọjọ́ ayẹyẹ. Ọjọ́ tí ilé kún ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Bàbá Ìbejì, Lugbe
Mọ́tò kan kí ó wà lẹ́nu géètì tí ẹnikẹ́ni ò ní páàkì dí. Epo nínú ẹ̀. Ẹni tó máa wà á ò gbọ́dọ̀ mu nǹkan kan. Káàdì ọsibítù àti ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kó wà nínú mọ́tò láti àárọ̀. Bí fáìlì rẹ̀ bá wà ní ọsibítù Gwagwalada, tí ẹ̀yin sì wà ní Kubwa, ẹ ti mọ ọsibítù tó sún mọ́ yín jù tó ní oxygen. Ẹ pè wọ́n ní Fúráìdeè.

Ìyá Méjì, Kubwa
Swimming pool ti lọ, bouncing castle ti lọ, aago 12 ni. Ìyá ọkọ mi ni yóò máa wo ìgò omi. Alọ́ṣọ̀ọ́, àdìrẹ yẹn, ṣé mo lè rí i ní Wuse?

Alọ́ṣọ̀ọ́ Utako
Ẹ máa rí i lọ́dọ̀ àwọn aláṣọ. Ẹ fi ìka tó lómi ra á wò, bí aró bá jáde, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e kọ́.

Ìyá Méjì, Kubwa
Ọmọbìnrin mi ń béèrè pé ṣé ọ̀gá ọkọ̀ lè gé kéèkì pẹ̀lú òun.

Ẹ̀gbọ́n Karu
Kí ó mú ọwọ́ rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n ọlọ́jọ́ ìbí ni kó fẹ́ àbẹ́là.