Ṣé òkúta kírómáìtì kan náà ni wọ́n fi ń ṣe irin, bíríkì àti awọ?

Akẹ́kọ̀ọ́_Kẹ́mísírì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Mo ń kàwé nípa àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò. Kírómáìtì, òkúta dúdú tí ó jẹ́ pé inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí kírómíọ̀mù fún òwò, ni wọ́n dárúkọ fún irin tí kì í dípẹtà, fún bíríkì ìléru, fún ọ̀dà àti fún awọ bàtà. Ṣé òkúta kan náà ni gbogbo wọn ń pín lò, àbí ọ̀tọ̀ ni ti oníkálùkù? Ẹ̀wẹ̀, wọ́n ní májèlé ni kírómíọ̀mù. Kí ló wá dé tí a fi ń fi irin tí ó ní in nínú ṣe síbí àti ìkòkò?

Baba_Ìléru:
Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ irin ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ. Gúúsù Áfíríkà ló ń wà á jáde jù lágbàáyé. Wọn kì í sábà yọ kírómíọ̀mù kúrò lára irin tí ó bá a gbé inú òkúta, nítorí inú irin náà ni wọ́n ṣì máa dà á sí níkẹyìn. Wọn yóò da òkúta àti èédú kóòkì sínú ìléru oníná mànàmáná, tí àwọn ọ̀pá kábọ́ọ̀nù gìrìwò ń gbé iná wọ inú rẹ̀, títí ooru yóò fi kọjá 1,600°C. Èédú yóò gba ọ́síjìn lára òkúta, àdàpọ̀ irin àti kírómíọ̀mù tí wọ́n ń pè ní fẹ́rókíróòmù yóò sì yọ́ sí ìsàlẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ń jẹ iná tí ó ju kílówáàtì-wákàtí 3,000 lọ. Ní tèmi, owó iná ni ọ̀gá nínú òwò yìí, kì í ṣe òkúta: ilẹ̀ Ṣáínà, tí kírómáìtì tirẹ̀ kò tó nǹkan, ló ń ṣe fẹ́rókíróòmù jù.

Bí kírómíọ̀mù inú irin bá ti tó nǹkan bí ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò bá ọ́síjìn ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú kò lè rí, tí kì í jẹ́ kí irin náà dípẹtà, èyí tí ó máa ń tún ara rẹ̀ hù bí nǹkan bá ha á. Irin fún ọ̀pá ìbọn, tí kò ní tètè jẹ, ni Harry Brearley, onímọ̀ irin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá ní ìlú Sheffield lọ́dún 1913 tí ó fi bá irú rẹ̀ pàdé.

Oníbíríkì:
Mo fẹ́ fi kún un. Láyé àtijọ́, ọ̀tọ̀ ni òkúta oníkálùkù: èyí tí kírómíọ̀mù rẹ̀ pọ̀ dáadáa ju irin rẹ̀ lọ ni ti alágbẹ̀dẹ ńlá, èyí tí alúmínà (àdàpọ̀ alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn) pọ̀ nínú rẹ̀ ni ti oníbíríkì. Ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ irin mọ bí a ṣe ń fẹ́ gáàsì ágọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn sínú irin yíyọ́ láti lé kábọ́ọ̀nù jáde, ní ìparí àwọn ọdún 1960, ni òkúta tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára, tí kábọ́ọ̀nù máa ń pọ̀ nínú fẹ́rókíróòmù rẹ̀, náà wá di ohun tí wọ́n ń du. Iyanrìn kírómáìtì ṣì ní ọjà tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń da irin, nítorí kì í tètè yọ́, irin gbígbóná kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kẹ́mísírì:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ májèlé ńkọ́?

Ìyá_Láàbù:
Ipò tí kírómíọ̀mù bá wà, ìyẹn iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ti pàdánù nígbà tí ó dara pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, ló yẹ kí a wò. Èyí tí ó wà ní ipò kẹta, irú èyí tí wọ́n fi ń mú kí awọ má jẹrà, kò léwu tó ti ipò kẹfà, tí ó máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fún ẹni tí ó bá ń fà á símú. Ti inú síbí kò sí ní ipò kẹfà rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń jó irú irin bẹ́ẹ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ bo imú rẹ̀ dáadáa, nítorí ti ipò kẹfà wà nínú èéfín rẹ̀. Bíríkì tí wọ́n fi kírómáìtì ṣe náà lè mú un jáde bí ó bá bá ẹfun pàdé nínú ooru, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì fi yọ ọ́ kúrò nínú ìléru wọn.