rmmod há, kworker náà há: báwo ni mo ṣe máa mọ lock tó so wọ́n pọ̀?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Driver kan (kóòdù tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ nínú kernel, ọkàn Linux) wà lọ́wọ́ mi lórí Linux 6.6, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka sẹ́ńsọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Delayed work kan (iṣẹ́ tí kworker, òṣìṣẹ́ inú kernel, ń ṣe tí àkókò rẹ̀ bá tó), dev->poll, ló ń kà á; sensor_poll ni function rẹ̀. Mutex kan, dev->lock (lock tí ẹnì kan ṣoṣo lè dì mú lẹ́ẹ̀kan), ló ń ṣọ́ dátà rẹ̀. Ìgbà tí mo bá fẹ́ yọ driver náà ni wàhálà ń dé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan rmmod, àṣẹ tó ń yọ ọ́, á há, ps á sọ pé ó wà ní ipò D (ó ń dúró de nǹkan, kò sì ṣeé dá lọ́wọ́ kọ́), kill -9 ò sì ràn án. Tó bá ṣe díẹ̀, dmesg, àkọsílẹ̀ kernel, á gbé èyí jáde:

INFO: task kworker/1:2:97 blocked for more than 120 seconds.
INFO: task rmmod:812 blocked for more than 120 seconds.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti mú. Ṣé kí n gbé 120 yẹn sókè ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó di lock mú?

Ìyá Kernel

Ẹ má fọwọ́ kan 120 yẹn. Iye ìṣẹ́jú àáyá tí khungtaskd, aṣọ́nà kernel fún task tó há, ń dúró kó tó pariwo ni, hung_task_timeout_secs. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 600, rmmod á ṣì há, ẹ kàn máa pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ni. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 0, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Èyí tó yẹ kí ẹ yí ni hung_task_warnings: 10 ló máa ń wà níbẹ̀, tí ìkìlọ̀ bá ti pé mẹ́wàá, ó dákẹ́. Ẹ kọ -1 sí i.

Nígbà tó bá tún há, ẹ má tíì pa kọ̀ǹpútà náà. Ẹ lọ sí tẹ́mínà mìíràn, kí ẹ fi root ṣe èyí:

echo w > /proc/sysrq-trigger
dmesg

Lẹ́tà w yẹn máa kó stack (àwọn function tó pe ara wọn tẹ̀ léra) gbogbo task tó wà ní ipò D jáde. Ẹ fi ti rmmod àti ti kworker ránṣẹ́ síbí. Ohun tí a ń wá ni function tó jẹ́ ti driver yín, àti èyí tó pè tí kò fi lè kúrò níbẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti gé e kúrú:

rmmod:
  schedule_timeout
  wait_for_completion
  __flush_work
  __cancel_work_timer
  sensor_remove

kworker/1:2:
  schedule_preempt_disabled
  __mutex_lock
  sensor_poll
  process_one_work

Nínú sensor_remove, function tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń yọ driver, mo kọ́kọ́ gba dev->lock kí n tó pe cancel_delayed_work_sync(&dev->poll) (èyí tó ń fagi lé work, tó sì ń dúró kó parí tó bá ti bẹ̀rẹ̀), torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan dev nígbà tí mo bá ń tú u palẹ̀.

Akọdráífà

Ó ti hàn báyìí. sensor_remove di dev->lock mú, ó wá ń dúró kí sensor_poll parí. sensor_poll ò lè parí, nítorí dev->lock kan náà ló ń dúró dè. Deadlock gidi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mutex kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Dídúró de work jẹ́ lock kejì, kò kàn ní orúkọ lock ni.

Ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nìyí: tí dev->poll bá ṣì ń dúró de timer rẹ̀, tàbí tó ṣì wà lórí ìlà, cancel á yọ ọ́ kúrò, kò ní dúró de ohunkóhun. Ó dìgbà tí sensor_poll bá ti bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì gba lock, tí remove wá gba lock náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àlàfo yẹn kéré gan-an.

Ẹ jẹ́ kí cancel ṣáájú lock:

free_irq(dev->irq, dev);
cancel_delayed_work_sync(&dev->poll);
mutex_lock(&dev->lock);

Ẹ kíyè sí ìlà àkọ́kọ́, tí driver yín bá ń lo interrupt (àmì tí ẹ̀rọ fi ń pe kernel). Ohunkóhun tó lè fi dev->poll sórí ìlà, ìbáà ṣe interrupt tàbí fáìlì sysfs (èyí tí driver fi hàn lábẹ́ /sys), òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè tún work náà pè lẹ́yìn cancel, sensor_poll á wá máa ṣiṣẹ́ lórí mẹ́mórì tí ẹ ti dá padà. Ti pé sensor_poll ń pe ara rẹ̀ padà kì í ṣe ìṣòro, cancel_delayed_work_sync mọ bó ṣe ń mú ìyẹn.

Ọmọ Linux

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní rọrùn jù kó lo mutex_trylock nínú sensor_poll? Tí kò bá rí lock gbà, kó padà sẹ́yìn.

Akọdráífà

Àbúrò, ó máa tú èyí lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tó máa gbà lọ́wọ́ wa. Ìgbàkígbà tí thread mìíràn bá ń lo dev->lock, kíkà sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kó wáyé á fò, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, trylock kì í dúró, nítorí náà lockdep, ohun tó ń yẹ bí a ṣe ń gba lock wò nínú kernel, kì í so ó mọ́ lock tí ẹ ti dì mú ṣáájú rẹ̀. Ẹ ó ti pa ojú tó yẹ kó ṣọ́ yín dé.

Ìyá Kernel

Bẹ́ẹ̀ ni. Lockdep yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, torí kò yẹ kí a máa dúró de ìgbà tí nǹkan bá há. Ingo Molnar ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì wọ Linux 2.6.18 lọ́dún 2006. Kì í ṣọ́ híhá. Bí ẹ ṣe ń gba lock tẹ̀ léra ló ń kọ sílẹ̀. Tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan pé ẹ gba A kí ẹ tó gba B, tó wá rí i lẹ́yìn náà pé ẹ gba B kí ẹ tó gba A, á pariwo, ìbáà jẹ́ thread kan ṣoṣo ló ṣe méjèèjì, tí ohunkóhun ò tíì há. Work náà wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ká ní lockdep wà nínú kernel yín ni, rmmod àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí sensor_poll ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ni ì bá ti sọ.

Ẹ kọ́ kernel ìdánwò pẹ̀lú ìwọ̀nyí (PROVE_LOCKING ló ń tan lockdep), kí ẹ gbé e sórí QEMU, kọ̀ǹpútà àfarawé, pẹ̀lú -smp 4 (CPU mẹ́rin):

CONFIG_PROVE_LOCKING=y
CONFIG_DEBUG_ATOMIC_SLEEP=y
CONFIG_DEBUG_INFO_DWARF_TOOLCHAIN_DEFAULT=y

Ẹ dá kóòdù àtijọ́ padà ná, kí ẹ rí ìkìlọ̀ náà fúnra yín. "possible circular locking dependency detected" ni ẹ máa rí. Lábẹ́ rẹ̀, #0 ni ohun tí remove ń gbìyànjú lọ́wọ́, wọ́n á pè é ní (work_completion)(&(&dev->poll)->work). #1 ni &dev->lock, stack tó wà níbẹ̀ sì ni ti sensor_poll nígbà tó gba lock náà. Ẹ fi scripts/decode_stacktrace.sh àti vmlinux sọ àdírẹ́sì wọ̀nyẹn di nọ́ńbà ìlà kóòdù.

Kí ẹ tó gbà pé dídákẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí àlàáfíà, ẹ wo debug_locks nínú /proc/lockdep_stats. 1 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Lockdep máa ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ tún un ṣe, ẹ tún kernel gbé dìde, kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Module tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kì í ṣe ti GPL náà ń pa á. Ẹ máa rí "Disabling lock debugging due to kernel taint" nínú dmesg. Kóòdù tí kò ṣiṣẹ́ rí kò lè sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, nítorí náà ẹ yọ driver náà nígbà tí ẹnìkan bá ń ka fáìlì rẹ̀ àti nígbà tí kò sí ẹni tó ń kà á. Kì í sì rí wait_for_completion tí ẹ bá kọ fúnra yín. Èyí, ojú yín ló máa ṣọ́ ọ.

Ọmọ Linux

Ó tún máa ń sọ "possible recursive locking detected" tí driver bá di lock ẹ̀rọ méjì mú pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ìyá Kernel

Torí pé gbogbo lock tí mutex_init kan náà dá sílẹ̀, kíláàsì kan ni wọ́n lójú rẹ̀. Tí ẹ bá ń gba ti òbí kí ẹ tó gba ti ọmọ nígbà gbogbo, ẹ kọ mutex_lock_nested(&child->lock, SINGLE_DEPTH_NESTING). Tí kò bá sí ẹni tó ṣáájú nínú wọn, ẹ fi àdírẹ́sì mẹ́mórì tò wọ́n, kí èyí tó kéré ṣáájú, kí ẹ tó fi nested sí i. Ẹni tó bá kọ nested láti fi pa ìkìlọ̀ náà lẹ́nu mọ́ ti fi deadlock sílẹ̀ fún ẹni tó máa lo driver náà.

Olùbéèrè

Mo rí ìkìlọ̀ náà bí ẹ ṣe sọ ọ́, mà. Mo ti gbé cancel síwájú, debug_locks ṣì wà ní 1 lẹ́yìn tí mo yọ driver náà. Ṣé kí n fi PROVE_LOCKING sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó máa lọ sọ́dọ̀ oníbàárà?

Akọdráífà

Rárá. Ó ń jẹ mẹ́mórì, ó sì ń fa gbogbo lock sẹ́yìn. Lórí ẹ̀rọ oníbàárà, ẹ fi CONFIG_DETECT_HUNG_TASK sílẹ̀, kí ẹ ṣètò kdump (tó ń tọ́jú mẹ́mórì kernel tó bá ṣubú), kí ẹ sọ kernel.hung_task_panic di 1, kí kernel lè ṣubú fúnra rẹ̀ tí task bá há. Tó bá há, vmcore, fáìlì mẹ́mórì náà, á wà nílẹ̀ tí ẹ lè fi irinṣẹ́ crash ṣí. Ẹ tẹ foreach UN bt, gbogbo task tó wà ní ipò D á jáde pẹ̀lú stack wọn.