Ìmúni ojú oorun, kì í ṣe ogun òru

Ẹ̀yin ará mi, orúkọ mẹ́ta ló ti wá sílẹ̀ fún ìwé pẹlẹbẹ tí a fẹ́ pín fún àwọn Yorùbá ní Kubwa àti Nyanya ní Abuja, lórí wárápá tó ń múni lójú oorun: "gìrì òru", "ogun òru" àti "àlá wárápá". N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ti gìrì kò le. Lẹ́nu ìyá ọmọ, àìsàn ọmọdé ni, ibà ló sì sábà máa ń fà á. Bí àgbàlagbà bá ka gìrì, kò ní rò pé òun là ń bá wí.

Ogun òru ni kí a jókòó tì. Ní 2007, àwọn dókítà ọpọlọ méjì, Aina àti Famuyiwa, kọ̀wé lórí ohun tí Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀: ara ẹni náà á dàrú lóru, wọ́n á ní ọkọ ọ̀run ló ń bá a jà, tàbí pé ó jẹun lójú àlá. Ẹ wo jíjẹun yẹn dáadáa. Bí wárápá bá bẹ̀rẹ̀ láti apá ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ẹni náà lè máa pọ́n ètè lá, kó máa mi àgbọ̀n, kó máa gbé itọ́ mì, kí ọwọ́ rẹ̀ máa fa aṣọ ìbora, kò sì ní mọ̀ rárá. Ẹni tó sùn tì í á sọ fún un láàárọ̀ pé, "O jẹun lójú oorun," ọ̀rọ̀ á sì di ti àlá. Bí ìwé wa náà bá tún pè é ní ogun òru, àwa fúnra wa la darí aláìsàn kúrò lọ́dọ̀ dókítà. Orúkọ yẹn tún kó àlákálàá, ìrìn ojú oorun, kí èèyàn jí kó má lè mira, àti wárápá pọ̀ sójú kan, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wọn kò dọ́gba.

"Àlá wárápá" ló burú jù, nítorí ó mú kó dà bíi pé àlá ló ń fa àìsàn. Ìpele oorun kan wà tí ẹyinjú máa ń yí lábẹ́ ìpéǹpéjú, tí iṣan ara á dẹ̀, ibẹ̀ sì ni àlá ti máa ń ṣe kedere jù. Ó máa ń padà wá ní bí 90 ìṣẹ́jú síra, ó sì máa ń gùn sí i bí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀. Níbẹ̀ gan-an ni wárápá kì í sábà ti múni. Inú oorun tí ojú kì í yí ló ti wọ́pọ̀, nítorí nígbà yẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdàrú sì tètè ń tàn láàárín wọn. Wárápá ló ń gba àkókò lọ́wọ́ àlá: lóru tó bá múni, ìpele ojú yíyí lè dín kù gidigidi, phenobarbital, tó jẹ́ oògùn wárápá, náà sì lè dín in kù. Ẹni tó bá ní òun kò lálàá mọ́ kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí àlá kan náà bá ń padà wá, pẹ̀lú ìbẹ̀rù kan náà, láìyí ohunkóhun padà, kó sọ fún dókítà, torí ó lè jẹ́ wárápá fúnra rẹ̀.

Mo dábàá "oorun ojú-ń-yí" fún ìpele náà. "Oorun àlá" kò pé, nítorí èèyàn ń lálàá ní ìpele yòókù náà.

Fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí àìsàn náà bá dé, "ìmúni ojú oorun" ni tèmi, kí aláìsàn lè sọ pé, "Ìmúni méjì ni lóru àná." "Ìgbéṣánlẹ̀" kò bá a mu: ẹni tó ti dùbúlẹ̀ kò tún níbi tó máa ṣubú sí, àwọn ará ilé á sì rò pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àmì òwúrọ̀ ni kí wọ́n wá: eyín tó ti ge ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, ìtọ̀ lórí ibùsùn, orí fífọ́, ara ríro.

Àbúrò wa ní Mararaba kọ̀wé pé ọlọ́pàá ni ìmúni ń mú wá sọ́kàn òun, pé farfaɗiya, orúkọ tí Hausa ń pe wárápá, gan-an ni àwọn ọmọ àdúgbò mọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ibà ń múni, òtútù ń múni, "ojú oorun" sì ti yọ ọlọ́pàá kúrò. Kí a kọ farfaɗiya tì í, torí ohun tí alábàágbé máa kígbe nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí a tẹ̀ rèé: "Wo aago. Yí i sí ẹ̀gbẹ́, má jẹ́ kó dojú bolẹ̀, mú ìrọ̀rí kúrò níwájú imú rẹ̀. Má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, má dì í mọ́lẹ̀. Bó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tí òmíràn tẹ̀lé e kó tó jí, gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, kó tan tọ́ọ̀ṣì, kó fi fóònù gba fídíò rẹ̀ fún dókítà." Kí a fi ìlà kan kún un fún Ramadan: jíjí fún sààrì ń gé oorun kúrú, àìsùn sì ń fa ìmúni, nítorí náà kí aláìsàn bá dókítà ṣètò àkókò oògùn kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ojú-ń-yí lọ, kó fi ránṣẹ́ kí a tó gbé ìwé náà fún atẹ̀wé.