Òṣùwọ̀n tí mo fọwọ́ ara mi ṣe kì í dúró lójú kan bí oòrùn bá ti ràn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olóyin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi débi pé n kì í rí oorun sùn mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síwájú yín. Mo ń sin oyin, mo sì ṣe òṣùwọ̀n abánáṣiṣẹ́ kan tí àpótí oyin ń jókòó lé tọ̀sán-tòru, kí n lè mọ ìgbà tí oyin ń wọlé àti ìgbà tí ebi fẹ́ máa pa àwọn kòkòrò náà láìjẹ́ pé mo ń ṣí wọn wò. Iṣẹ́ tó mọ́ ni mo ṣe. Mo fi òjé jó gbogbo wáyà rẹ̀ dáadáa, mo kun irin rẹ̀ lọ́dà kí ó má baà dípẹtà, kóòdù tí mo kọ fúnra mi ló sì ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù mi ní wákàtí wákàtí. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, nọ́ńbà kan ni mo ń rí. Tó bá di ọ̀sán, ó ti fi kílò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan àpótí. Tí ilẹ̀ bá sì ṣú, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà. Mo ti pààrọ̀ HX711, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ iná tín-tìn-tín tó ń ti ara òṣùwọ̀n wá di nọ́ńbà, mo ti pààrọ̀ bátìrì àti wáyà, pàbó ló já sí. Ẹni tó ta àwọn ohun èlò náà fún mi ti fọwọ́ sọ̀yà pé ooru kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan, àmọ́ nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní ohun tí ènìyàn bá fọwọ́ ṣe nílé kò lè dà bí ti ilé iṣẹ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹ jọ̀wọ́, irú HX711 wo ni kì í ṣí kúrò lójú kan bí ooru bá mú?

Alágbẹ̀dẹ

Ẹ kú ìnira. HX711 kọ́ ni mo fura sí. Volt kan náà tó fi ń bọ́ load cell, irin tí ẹrù ń tẹ̀ tó sì ń sọ títẹ̀ náà di iná tín-tìn-tín, ló fi ń díwọ̀n èyí tó ń padà wá bá a, nítorí náà bí agbára bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, ìyípadà ọ̀tún àti tòsì máa ń pa ara wọn rẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ rò ni bí ohun tí ẹ ń wọ̀n ṣe kéré tó. Load cell tó bá ń mú millivolt 1 jáde fún volt kọ̀ọ̀kan tí a fi bọ́ ọ, tí a sì bọ́ ọ ní volt 5, millivolt 5 péré ni yóò mú jáde nígbà tí ẹrù tó pọ̀ jù lọ tó lè gbà bá wà lórí rẹ̀. Bí ẹrù yẹn bá jẹ́ kílò 200, microvolt 25 ni kílò kan jẹ́. Ohunkóhun tó bá fi ọwọ́ kan irin náà, ìbáà ṣe ooru, ìbáà ṣe bóòtù tó fún un jù, á fara hàn bí ẹrù. Ẹ kò sọ iye load cell tí ẹ lò, ẹ kò sọ bí ẹ ṣe dè wọ́n, ẹ kò sì sọ ibi tí oòrùn ti ń pa wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn ná.

Ìyá Aláró

Ọmọ mi, ojú mi ti rí irú èyí. Ọmọkùnrin mi ló ṣe òṣùwọ̀n kékeré kan fún mi tí mo fi ń wọn lúlù aró, nígbàkigbà tí mo bá sì tan án, nọ́ńbà rẹ̀ á máa rọra gun òkè, bí mo bá dá a padà sí òdo, kò ní pẹ́ tí á tún fi kúrò níbẹ̀. Mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo tilẹ̀ bá ọmọ náà wí. Ìgbà tó yá ló ṣàlàyé fún mi pé iná tó ń gba inú àwọn ohun tín-tìn-tín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin náà kọjá ló ń mú kí wọ́n gbóná díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti tan án, màá fún un ní ìdajì wákàtí kí n tó gbé ohunkóhun lé e, kò sì yọ mí lẹ́nu mọ́. Ẹ ní sùúrù fún un kí ó gbóná délẹ̀.

Akọ́kóòdù

Kò le tó bí ẹ ṣe ń wò ó. Ẹ so DS18B20, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bí ooru ṣe tó, mọ́ ọn, ẹ máa kọ ìwúwo àti ooru sílẹ̀ papọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fa ìlà tó bá wọn mu jù lọ, kí kóòdù sì máa yọ iye tí ìlà náà bá sọ kúrò nínú nọ́ńbà tó bá kà. Kò sí ìdí láti tú irin kankan.

Olóyin

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá wa, tèmi wà lóko, kò sí ẹni tó ń tan án. Kóòdù ló ń jí i ní wákàtí wákàtí tó sì ń mú un padà sùn kí bátìrì má baà tán. Ẹ̀gbọ́n Akọ́kóòdù, DS18B20 ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ti fa ìlà tí ẹ sọ yẹn. Ti òwúrọ̀ dára sí i, àmọ́ ti ọ̀sán burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé HX711 ni. Ẹ má bínú, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé iṣẹ́ ọwọ́ mi kò dára, nítorí mo fara balẹ̀ ṣe é.

Olùkọ́ Físíìsì

Akọ́kóòdù, ìmọ̀ràn yẹn lè gba ohun tí olóyin ń wá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kòkòrò oyin ń jáde lọ lọ́sàn-án, wọ́n ń padà wálé nírọ̀lẹ́, omi tó wà nínú oje òdòdó tí wọ́n kó wálé sì máa ń gbẹ lóru bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ. Ìwúwo àpótí fúnra rẹ̀ ń bá oòrùn rìn. Ẹni tó bá fa ìlà nígbà tí àpótí wà lórí òṣùwọ̀n yóò yọ oyin mọ́ ooru. Ẹrù tí kì í yí padà ni a fi ń ṣe é: irin, òkúta, tàbí omi inú kẹ́ẹ̀gì tí a dé pa, kì í ṣe igi, nítorí igi máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ooru kò ṣàdédé borí load cell. Strain gauge mẹ́rin, àwọn ohun tín-tìn-tín tí Ìyá sọ pé wọ́n lẹ̀ mọ́ irin, ló wà lára rẹ̀, a sì so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà tí Samuel Hunter Christie ṣàlàyé ní ọdún 1833, tí Charles Wheatstone wá sọ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní ọdún 1843. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gbóná bákan náà, ìyípadà wọn á pa ara rẹ̀ rẹ́. Constantan, àdàlù bàbà àti nickel, ni a sì sábà fi ń ṣe wọ́n, nítorí ooru kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ padà, nígbà tí ti bàbà lásán ń fi nǹkan bí 0.39% yí padà fún 1°C kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí oòrùn bá ń pa ẹ̀gbẹ́ kan tí ibòji sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni ètò náà ń já.

Akọ́kóòdù

Olùkọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìlà kan náà ni mo lò fún àgbá omi mi, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ fẹ́ kí ọkùnrin yìí gbé àpótí oyin rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ó lọ máa wọn òkúta.

Olùkọ́ Físíìsì

Àgbá omi kì í fò jáde lówùúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òkúta ni mo ní kí ó wọ̀n.

Alágbẹ̀dẹ

Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Olóyin kò tíì dáhùn ohun tí mo bi í: báwo ni ẹ ṣe dè é?

Olóyin

Load cell mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun kan, láàárín férémù irin ìsàlẹ̀ àti páànù irin tí àpótí jókòó lé. Mo fi bóòtù de gbogbo wọn mọ́ òkè àti mọ́ ìsàlẹ̀, mo sì fún un dé òpin, nítorí pé atẹ́gùn ti gbé àpótí kan ṣubú mọ́ mi lọ́wọ́ rí, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sì ṣòfò. Ọ̀dà dúdú ni mo fi kun páànù òkè, torí òun ni kì í tètè bó. DS18B20 wà pẹ̀lú HX711 nínú àpótí funfun kékeré tó wà lábẹ́ ibòji, kí omi má baà kàn án. Èmi kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Alágbẹ̀dẹ

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Irin máa ń fi nǹkan bí ìdá 12 nínú mílíọ̀nù gùn sí i fún 1°C kọ̀ọ̀kan. Bí páànù yín bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50, tí oòrùn sì mú kí ó fi 25°C gbóná ju férémù ìsàlẹ̀ lọ, yóò fi 0.15 mílímítà gùn sí i. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí yóò gbà, nítorí bóòtù ti dì í mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì di dandan kí ó máa ti àwọn load cell náà sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n á ka títì yẹn bí ẹrù. Ẹ wá wo ti DS18B20: ooru inú ibòji ló ń sọ fún yín nígbà tí irin dúdú ń jóná nínú oòrùn. Ìlà tí ẹ fà kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára irin mu, ìdí nìyẹn tí ọ̀sán fi burú sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ́, a ti rí i. Ó dúró gírígírí jù ni.

Ẹ fi bóòtù igun kan sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní àwọn igun mẹ́ta yòókù, ẹ jẹ́ kí páànù jókòó lórí bóòtù olórí roboto tí yóò lè yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun kun páànù náà, kí ẹ sì lẹ DS18B20 mọ́ ara load cell gan-an, kí ẹ fi fóòmù bò ó.

Ìyá Aláró

Ẹ má gbàgbé ìdajì wákàtí tí mo sọ o. Kí ẹ sì ṣe ibòji fún àwọn kòkòrò yẹn náà, ta ló ń fi irin dúdú sábẹ́ ohun ẹlẹ́mìí nínú oòrùn?

Akọ́kóòdù

Bó bá jẹ́ inú ibòji ni DS18B20 wà, ìlà kò lè ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ní ti jíjí rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, Ìyá ti fọwọ́ kan ohun kan: bí iná orí wáyà clock, èyí tí kóòdù fi ń darí HX711, bá wà lókè ju 60 microsecond lọ, HX711 á sùn, ó sì máa ń gé iná tó ń lọ sí load cell. Bó bá jí, tó sì ń kà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó nílò 0.4 ìṣẹ́jú àáyá kí nọ́ńbà rẹ̀ tó fìdí múlẹ̀. Ẹ sọ àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ nù, kí ẹ sì jẹ́ kí àkókò tó ń lò lójúfò máa dọ́gba nígbà gbogbo.

Olóyin

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí atẹ́gùn tún gbé àpótí mi. Ṣé kí n fi okùn dè é mọ́lẹ̀ ni?

Alágbẹ̀dẹ

Rárá o. Okùn tó bá so àpótí mọ́ ilẹ̀ á máa fà á sísàlẹ̀, òṣùwọ̀n á sì ka ìfà náà pọ̀ mọ́ oyin. Ẹ de àpótí mọ́ páànù. Ní ti páànù fúnra rẹ̀, ẹ lu ihò tó fẹ̀ ju bóòtù lọ ní igun mẹ́ta, kí bóòtù gba ibẹ̀ wọ inú férémù láìkan etí ihò, kí nọ́ọ̀tì òkè rẹ̀ sì dúró díẹ̀ sókè páànù láìtẹ̀ ẹ́. Atẹ́gùn kò ní lè gbé e, irin á sì rí ààyè gùn.

Olóyin

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti kun ún ní funfun, mo sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi tí mo dé pa lé e dípò àpótí. Ìyàtọ̀ ọ̀sán sí òru kò dé kílò kan mọ́ rárá, èyí tó kù sì ń bá DS18B20 rìn ní ìlà kan tààrà. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹni tó ta á fún mi sọ pé ooru kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣé kí n fa ìlà báyìí?

Olùkọ́ Físíìsì

Ẹ má tíì fà á. Ohun méjì ni ooru ń ṣe: ó ń ṣí òdo nípò, ó sì ń yí iye tí kílò kọ̀ọ̀kan ń kà padà, nítorí pé irin máa ń rọ̀ díẹ̀ bó bá gbóná. Ẹrù kan ṣoṣo kò lè fi wọ́n hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wọn ẹrù tó fúyẹ́ àti èyí tó súnmọ́ ìwúwo àpótí tó kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú òtútù àti nínú ooru. Kóòdù á kọ́kọ́ yọ ìṣípò òdo, lẹ́yìn náà ni yóò wá pín ohun tó kù pẹ̀lú iye tí kílò ń kà ní ooru yẹn. Nígbàkigbà tí ẹ bá gbé ẹrù tuntun lé e, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí ó kéré tán kí ẹ tó kọ nǹkan sílẹ̀, nítorí irin àti àtè tó lẹ strain gauge mọ́ ọn máa ń rọra juwọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹrù, àwọn ènìyàn sì máa ń ṣi ìyẹn mú fún ooru. Ìwé OIML R 60, ìlànà àgbáyé lórí load cell, pàápàá ń lo ìṣẹ́jú 30 fún àyẹ̀wò yẹn, -10°C sí 40°C sì ni ààyè ooru tó là sílẹ̀ fún load cell bí a kò bá sọ òmíràn. Bí irin yín bá ń kọjá 40°C lọ́sàn-án, ẹ wá ibòji fún un kí ẹ tó kọ ìlà kankan sínú kóòdù.

Olóyin

Mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì kejì lé e, ibòji sì ti wà lórí rẹ̀. Bí mo bá ti rí ọjọ́ tó tutù àti ọjọ́ tó gbóná, màá kó gbogbo nọ́ńbà náà wá síbí kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí àpótí tó padà sórí rẹ̀.