Ọ̀sà kì í ṣe adágún

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí a máa pe iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń yẹ omi ẹ̀bá òkun wò, èyí tí Òyìnbó ń pè ní "coastal lagoon ecosystem health assessment", ní "àyẹ̀wò ìlera àyíká adágún etíkun". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni. Etíkun nìkan ni mi ò bá jà.

Adágún lẹ jẹ́ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Omi tó dúró gbári sójú kan, tí kò rí ibi ṣàn lọ, òun ni adágún. Ọ̀sà ò rí bẹ́ẹ̀. Odò ń bọ́ sínú ẹ̀ láti òkè, òkun ń ti iyọ̀ wọlé láti ìsàlẹ̀. A sì ti ní orúkọ ẹ̀ tipẹ́: ta ni kò gbọ́ ọ̀sà Èkó rí? Olókun ló lòkun, Ọlọ́sà ló lọ̀sà. Kí a ṣáà fi àmì sí i dáadáa, kí òǹkàwé má baà kà á sí Ọ̀sá inú Ifá.

Bí ẹnì kan bá ń rò ó pé kí ló kan ará Òṣogbo nínú ọ̀rọ̀ ọ̀sà, omi Ọ̀ṣun tó ń kọjá lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀sà Lẹ́kí ló ń wọ́ lọ. Nígbà tí àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dá a rú tó fi pọ́n lójú wa, ìsàlẹ̀ náà ni ẹrẹ̀ yẹn forí lé. Ìdí nìyí tí "àyíká" ò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Àyíká ni ohun tó yí nǹkan ká. Ohun tí wọ́n ń wò wà nínú omi gan-an: bí ẹja, edé, ewé, ekòló inú ẹrẹ̀, iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ inú omi ṣe ń bá ara wọn gbé. Àjọgbé ni mo pè é.

Ìlera ló wá ta kókó jù. "Le" àti "ara" ló wà nínú ẹ̀. Àwọn kan á ní, ṣé omi lára ni? Ní Òṣogbo tí a ti ń pe odò ní Yèyé! Lórílẹ̀-èdè Spéènì pàápàá, lẹ́yìn tí ẹja kú rẹpẹtẹ nínú ọ̀sà Mar Menor lọ́dún 2019, òfin sọ ọ̀sà náà di ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ bí èèyàn lọ́dún 2022. Torí náà, "ara" kọ́ ló ń dùn mí, "le" ni, bí ẹni pé kí nǹkan dúró gbọin láìyí padà. Ọ̀sà kì í dúró lójú kan. Bí òjò bá dé, iyọ̀ inú ọ̀sà Èkó á já wálẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á tún padà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ò lè fara da irú ayé bẹ́ẹ̀. Àwọn ekòló olóríkunkun tó máa ń gbilẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí bá pọ̀ sí, bíi Capitella, lè wà nínú ọ̀sà tí ẹnikẹ́ni ò da ìdọ̀tí sí. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n òkun wọn ọ̀sà, á pe ìwà àbínibí ẹ̀ ní àìsàn.

Mo gbé e lọ sọ́jà Ìgbọ̀nà. Ìyá tí mo máa ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ wọn, ọmọ Ẹ̀pẹ́ lẹ́bàá ọ̀sà ni wọ́n. Mo ní, "Ìyá, ṣé ara ọ̀sà yín le?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bi mí bóyá àlàáfíà ló wà." Wọ́n wá ń sọ ti ewé tó ń bo ojú omi. (Òjuoró ni ọ̀pọ̀ ń pè é, àṣìpè ni. Òjuoró tiwa ti wà tipẹ́. Eléyìí tó ń so òdòdó àwọ̀ àlùkò, ọ̀nà Àgbádárìgì ló gbà wọlé lọ́dún 1984.) Àlàáfíà gan-an, látinú èdè Lárúbáwá ni, ara yíyá ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀.

Àyẹ̀wò ò le. Bíbu omi sígò kí a wo ohun tó wà nínú ẹ̀ ni àyẹ̀wò. Gbígbé èsì lé ìwọ̀n ni ìgbéléwọ̀n. Òfin omi tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe lọ́dún 2000 ní ìpele márùn-ún, láti orí omi tí ọwọ́ èèyàn ò tíì bà jẹ́ títí dé èyí tó bàjẹ́ pátápátá.

Àbá tèmi rèé: "ìgbéléwọ̀n àlàáfíà àjọgbé inú ọ̀sà". Mi ò fi etíkun kún un, torí ọ̀rọ̀ ọ̀sà ti gbé e. Ó gùn, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó mú un wá. Adágún nìkan ni kí ẹ má dá padà fún mi.