Ta ló tún Alexander Kẹfà bí?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá fẹ́ fi Yorùbá sọ «Renaissance pope», ìyẹn póòpù ìgbà Renaissance, ìgbà tí ìmọ̀ àtijọ́ tún gbilẹ̀ ní Ítálì; ló bá pe Alexander Kẹfà ní «póòpù àtúnbí», nítorí pé àtúnbí ni Renaissance. Mo rẹ́rìn-ín títí. Rodrigo Borgia, bí Alexander ṣe ń jẹ́ kó tó di póòpù, kẹ̀? Ẹni tó jẹ póòpù ní 1492 tòun ti ọmọ mẹ́rin tí Vannozza dei Cattanei bí fún un, tó sì fi Cesare, ọ̀kan nínú wọn, ṣe kádínà lọ́dún kejì, nígbà tọ́mọ ò tíì pé ogún ọdún! Nínú «Bàbá Mímọ́», «Bàbá» nìkan ni n kò lè bá a du.

Àwọn oníwàásù ló ni «àtúnbí». Tí ẹ bá sì gbé e tẹ̀lé «póòpù», póòpù ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣàpèjúwe, kì í ṣe ìgbà ayé rẹ̀.

Ẹlòmíràn ní «àtúnjí». Jí wo? Ohùn òkè kan náà ni ti ẹni tó jí lójú oorun àti ti ẹni tó jí ewúrẹ́. Àmọ́ ìyẹn tiẹ̀ fẹ́ bá bàbá yìí mu. Ní 1493 ó fi Inter caetera, ìwé àṣẹ rẹ̀, pa ààlà sójú òkun, ó sì ta Sípéènì lọ́rẹ ilẹ̀ onílẹ̀ tó wà níwọ̀-oòrùn rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìlú Tordesillas, Sípéènì àti Pọtogí sún ààlà náà síwọ̀-oòrùn; ibẹ̀ ni Bràsílì ti bọ́ sọ́wọ́ Pọtogí, Bràsílì tí wọ́n padà kó àwọn èèyàn wa lọ. Ní 2023 ni Vatican ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀kọ́ pé òyìnbó tó bá ṣàwárí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ni ín. Kì í ṣe eré tẹlifíṣọ̀n méjì lórí ìdílé Borgia tó jáde ní 2011 nìkan ló jẹ́ kí wọ́n máa bèèrè rẹ̀.

Tèmi ni «Ìgbà Àtúnrúwé». Bí ìyá mi àgbà bá rí kùkùté tó yọ ọ̀mùnú, wọn a ní, «Ó tún rúwé.» Wọn ò mọ ìwé, wọn ò sì ṣi ohùn pè rí. Ìmọ̀ Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ló rúwé ní Ítálì nígbà náà. Ẹnikẹ́ni ò padà sínú ìyá rẹ̀.

Ẹni tó pe bull póòpù, ìyẹn ìwé àṣẹ bí Inter caetera, ní «akọ màlúù», mo fi yín sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Òǹtẹ̀ òjé ni bulla, ẹ pè é ní «ìwé olóǹtẹ̀». Wọ́n tún ní «èdìdì» ló dára jù. Èdìdì ń dì í pa ni. Okùn ni wọ́n fi so òjé yìí rọ̀ sídìí ìwé, ìwé fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu.