Ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́, eré wo lẹ fi ń tura?

Akọ̀wé Kékeré: Ìwé kejì ni mo ń kọ lọ́wọ́. Ogun Ìjàyè náà ni, ọmọ ológun kan àti ọmọ aláró. Ọ̀rọ̀ ti há látàná. Bó bá há mọ́ yín lọ́wọ́, kí lẹ máa ń ṣe?

Ìyá Ìbejì: Èmi a máa múra bí ẹni tí mò ń kọ̀tàn rẹ̀. Sányán ìyá mi àgbà wà nínú àpótí. Màá ró o, màá wé gèlè, màá dúró níwájú dígí, màá wá máa fún ọkùnrin tí kò sí níbẹ̀ lésì. Lọ́jọ́ kan, mo ń jágbe pé "Bí o bá tún dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi, ẹrú ni wọn ó fi ọ́ ṣe!" Àṣé ìyá ọkọ mi ti dé láti Ọ̀yọ́, wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpò èlùbọ́. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Kílẹ̀ tó mọ́, wòlíì méjì ti wà ní pálọ̀.

Ọ̀ta Ayò: Wòlíì MÉJÌ 😂😂

Ṣẹ̀gi Ọlá: Ọ̀kan ò ká a.

Àdùkẹ́ Peckham: Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kójú tì yín jàre. Barbara Cartland tiwọn ní Ìlú Ọba níbí, òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ tó kú ní 2000, orí àga gbọọrọ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa ro ìtàn lẹ́nu, akọ̀wé á máa kọ ọ́. Ìwé tó lé ní 700! Píńkì láti òkè délẹ̀. Ní 1931, òun àtàwọn ológun òfuurufú kan ló ṣètò kí ọkọ̀ òfuurufú tí ò ní ẹ́ńjìnnì kó lẹ́tà, òmíràn ń fi okùn fà á. Ní 1978, tó ti lé ní 75, ó ṣe àwo orin ìfẹ́.

Jẹ́jẹ́ Layé: 700 kẹ̀? Ìtàn kan náà ni, orúkọ ló ń pààrọ̀.

Àdùkẹ́ Peckham: Ìwọ kọ ẹyọ kan ká rí i.

Bàbá Aláṣọ Òkè: Akọ̀wé Kékeré, mo ka ìwé rẹ àkọ́kọ́. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, o wọ ańkárá fún ọmọge! Ẹtù ńkọ́? Àlàárì ńkọ́?

Akọ̀wé Kékeré: Ẹ jọ̀ọ́ sà, àròsọ ni.

Bàbá Aláṣọ Òkè: Kúrunmí ńkọ́, ṣé o fún un ní fóònù?

Jẹ́jẹ́ Layé: 😂😂 Mo kú!

Ọ̀ta Ayò: Eré la ń sọ o. Ayò lèmi ń ta. Gbogbo ìjà olólùfẹ́ méjì inú ìwé mi, ìdí ọpọ́n ni mo kọ ọ́ sí. Ihò 12, ọmọ 48, ọmọbìnrin yẹn jẹ ẹ́ tán pátápátá.

Ṣẹ̀gi Ọlá: Ta ló sọ fún ẹ pé obìnrin ń bá ọkùnrin ta ayò nígbà yẹn?

Ọ̀ta Ayò: Ìyá mi àgbà l'Óṣogbo ló kọ́ mi.

Ṣẹ̀gi Ọlá: Wọ́n wà láyé ní 1860?

Ìyá Ìbejì: Ẹ máa jà níbẹ̀. Mọ́mì tún ń bọ̀ ní Sátidé. Níbo ni kí n fi sányán yìí pamọ́ sí?

Bàbá Aláṣọ Òkè: Ẹ ró o fún wọn. Kí wọ́n wá ṣe ìyá olóyè.